Ìkòkò Tí Kò Kú Lọ́yẹ́

Èèyàn mẹ́tàlá ti jẹ́rìí fún Rakíyà kí wọ́n tó pe orúkọ mi. Mo ka gbogbo wọn. Wọ́n ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan síwájú Akọ̀wé, wọ́n ń gbé ọwọ́ ọ̀tún lé àwo bàbà rẹ̀, wọ́n sì ń sọ ohun tí wọ́n fún un. Obìnrin kan fún un ní irúgbìn ẹ̀lú. Ọkùnrin kan yá a ní ọkọ́ àti ṣọ́bìrì. Bàbá arúgbó kan wọ ọkọ̀ ojú irin láti Ṣakí, wákàtí mẹ́ta gbáko, torí pé ó bá Rakíyà sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan nípa bí ilé alámọ̀ ṣe ń móoru lọ́yẹ́. Gbólóhùn kan péré ló wá sọ. Ó sọ ọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, inú rẹ̀ sì dùn bí ẹni tó jẹ oyè. Ìdí mi kò balẹ̀ lórí àga.

"Ìbíyẹmí Odùńlámì," ni Akọ̀wé pè.

Ẹ̀rọ ni Akọ̀wé. Ó ga tó kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, ojú kan ṣoṣo ló ní, ṣùgbọ́n bó bá pe orúkọ èèyàn, ẹ ó rò pé òun ló sọ yín lórúkọ níjọ́ kẹjọ.

Ṣẹ̀san, tá a jọ ń ṣiṣẹ́ nílé aró, fi ìgúnpá gbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ dìde, ẹ̀yin orísun àgbà. Ẹ lọ jẹ́rìí fún ọmọ yín."

"Ọmọ ta?" mo ní. Mo dìde. Aṣọ tó dára jù nínú àpótí mi ni mo wọ̀ lọ́jọ́ náà, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wò mí lójú kó sọ pé inú mi ò dùn. Mo gbé ọwọ́ lé bàbà náà. Ó tutù.

"Kí lo fún Rakíyà Sálísù?"

"Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbóòórùn ìkòkò."

"Báwo lo ṣe fún un?"

"Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tó dé, mo ṣí ìdérí ìkòkò mẹ́fà, mo ní kó gun àkàsọ̀ kó ti imú bọ̀ wọ́n, kó máa sọ èyí tó yó àti èyí tí ebi ń pa."

"Pẹ̀lú ọkàn wo?"

Ìbéèrè kẹta yìí ló máa ń mú kí èèyàn gbé itọ́ mì. Àwọn tó ṣe Òfin Orísun, tó ní kí wọ́n kọ gbogbo ẹni tí ìmọ̀ kan ti wá sílẹ̀, ló fi í síbẹ̀, torí wọ́n ní ìmọ̀ tí wọ́n fipá gbà lọ́wọ́ ẹnì kan kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tí wọ́n fi ìfẹ́ fúnni, kódà bí méjèèjì bá tan iná kan náà. Àwọn mẹ́tàlá tó ṣáájú mi ti ń dáhùn pé "pẹ̀lú ìfẹ́," "pẹ̀lú ayọ̀." Bàbá Ṣakí tiẹ̀ ní, "Pẹ̀lú ẹnu tí kì í dákẹ́," tí gbogbo ilé fi bú sẹ́rìn-ín.

"Pẹ̀lú sùúrù," mo ní.

Irọ́ ni. Òórùn ìkòkò aró máa ń lé àlejò dànù, mo sì ti fi lé àlejò méjì lọ kí Rakíyà tó dé. Mo rò pé òun náà á bì, á di ẹrù rẹ̀, á wọ ọkọ̀ padà sí Kánò. Ọmọbìnrin náà ti imú bọ ìkòkò, ó dijú, ó wá ní, "Àǹtí, ẹ̀kẹta yìí ń ṣàìsàn." Òótọ́ ló sọ. Ọdún mẹ́ta ló gbà mí kí imú tèmi tó mọ̀ ọ́n.

Mo padà lọ jókòó. Gílóòbù mẹ́rin ló ń tàn nínú ogún tó wà lókè ilé náà. Ọyẹ́ ti mú, ìkòkò mẹ́rìndínlógún ti kú nílé aró, iná tó sì kù nílùú kò ju wákàtí mẹ́rin lọ lójúmọ́, àfi ní ilé àwọn ọmọ tí wọ́n bí láìpé oṣù, níbi tí wọn kì í pa á. Gbogbo rẹ̀, láti ilé àwọn ọmọ yẹn dé gílóòbù mẹ́rin tó wà lórí wa, inú Ìkòkò Kẹtàdínlógún ló ti ń wá. Ìkòkò Rakíyà. Iná rẹ̀ ni mo fi ń wo bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹnu mi. Láti ìgbà tí wáyà tó so gbogbo ìlú pọ̀ ti já, tí kálukú ń tọ́jú iná ara rẹ̀, aró ni àwa ará Abẹ́òkúta fi ń pa oòrùn mọ́. A máa ń po ẹ̀lú àti omi eérú pọ̀ nínú ìkòkò tó ga ju èèyàn méjì lọ, àwọn kòkòrò tí ojú kò rí á máa gbé inú rẹ̀, wọ́n á sì máa bá wa gbé agbára oòrùn pamọ́ sínú omi yẹn. Bí ìkòkò bá yó, omi rẹ̀ á dà bí ewé. Bí ebi bá ń pa á, á padà di àwọ̀ aró. Bí ọyẹ́ bá dé, àwọn kòkòrò náà á kú, a ó sì gbé òkú omi dà sílẹ̀, ó di òjò àkọ́rọ̀ kí a tó tún po òmíràn.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń wá ohun tí kò ní jẹ́ kí wọ́n kú. Mo fi aṣọ onírun wé ìkòkò. Mo fi gíláàsì ṣe ìdérí. Mo fọ ọwọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí àtẹ́lẹwọ́ mi fi ń bó. Ìyá àgbà mi, tó pa aró ní Ìtòkú kí iná ìlú tó wọ inú ọ̀rọ̀ aró rárá, kì í jẹ́ kí oúnjẹ wọ ibi ìkòkò. Èèwọ̀ ni. Àwa tá a kàwé sọ èèwọ̀ yẹn di òfin, a kọ ọ́ sára ògiri ilé aró ní lẹ́tà pupa: OÚNJẸ KÌ Í WỌLÉ. A ní ìmọ́tótó ni. Kò sí ẹni tó jẹ́ bi ara rẹ̀ pé, bí oúnjẹ bá wọlé ńkọ́?

Bẹ́ẹ̀ èmi ló yẹ kí wọ́n rán lọ sí Kánò. Òfin Pàṣípààrọ̀ sọ pé ìlú oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ rán ẹnì kan lọ sí ìlú mìíràn fún ọdún méjì, kó sì gba ẹnì kan. Mo ti di ẹrù. Mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ìyá àgbàlagbà ní Hausa. Ni wọ́n bá ní, "Bí Ìbíyẹmí bá lọ, ta ló máa ṣọ́ ìkòkò?" Wọ́n rán Ṣẹ̀san. Ṣẹ̀san lo ọdún méjì ní Kánò, fìlà mẹ́ta àti ìfẹ́ fúrá ló mú bọ̀. Mo bi í nípa àwọn kòtò aró ibẹ̀. Ó ní, "Kòtò ni wọ́n, Àǹtí. Wọ́n jìn."

Wọ́n jìn! Nígbà tí Rakíyà dé, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó tọrọ ọkọ́, ó gbẹ́ ilẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun ri Ìkòkò Kẹtàdínlógún mọ́lẹ̀ dé ọrùn.

"Ṣé o fẹ́ sin ín kó tó kú ni?" mo bi í.

"Àǹtí, nílé wa ilẹ̀ ló ń fi aṣọ bo aró," ó ní. "Ẹ̀yin náà ẹ máa rí i."

Mo rí i lóòótọ́. Nígbà tọ́yẹ́ mú, ìkòkò tèmi kú lọ́sẹ̀ kejì, tirẹ̀ wà láàyè dé ọ̀sẹ̀ kẹrin, kó tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. Àwọn èèyàn ti ń gba ilé aró kọjá kí wọ́n lè kí i. Ìyàwó kan sọ ọmọ rẹ̀ ní Rakíyà. Ọdún mọ́kànlá, kò sẹ́ni tó sọ ewúrẹ́ lórúkọ mi.

"Rakíyà Sálísù, súnmọ́ ibí."

Màmá Ṣótúbọ̀ ló sọ̀rọ̀ yẹn. Òun ni olórí Ilé Orísun tá a jókòó sí, ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, kò sì sí ohun tí wọ́n ń pè ní ojúsàájú lára rẹ̀. Lókè orí rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé, Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

Rakíyà jáde, ó kúnlẹ̀. Ó di gèlè funfun mọ́rí, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún aró dé ìgúnpá, bíi tèmi.

"Dìde, ọmọ mi. Ìwé rẹ dára. Orísun mẹ́rìnlá, gbogbo wọn ló ti jẹ́rìí. Ìlú mẹ́fà ló ti tẹ̀ lé ohun tó o kọ, títí kan Kánò níbi tó o ti wá. Wọ́n ri ìkòkò mọ́lẹ̀ bó o ṣe rì í. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ìkòkò wọn?"

"Wọ́n kú, Màmá."

"Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà?"

"Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Màmá."

"Kí ló dé tí tìẹ kò kú?"

Rakíyà wo ilẹ̀. "Mi ò mọ̀."

Mi ò lè purọ́ fún yín: nǹkan kan nínú mi jókòó dáadáa, ó na ẹsẹ̀.

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ," ni Màmá Ṣótúbọ̀ wí. "Sọ èyí tó o mọ̀."

"Ìkòkò náà ń kú lọ, Màmá. Lọ́jọ́bọ̀ kan báyìí, omi rẹ̀ ti ń padà sí àwọ̀ aró. Lọ́jọ́ Jímọ̀ mo lọ kírun. Nígbà tí mo dé, ìdérí ò rí bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, omi ti dà bí ewé, ó yó ju bó ṣe yó lọ́jọ́ tí mo pò ó. Òórùn kan wà nínú rẹ̀ tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Wallahi, mo ti gbóòórùn gbogbo nǹkan kiri ìlú yìí, mi ò rí i." Ó gbé ojú sókè. "Ẹnì kan wá sídìí ìkòkò mi. Ó fi nǹkan sí i. Mi ò lè kọ orúkọ ẹni tí mi ò mọ̀ sínú ìwé."

Ẹni tí kò mọ̀ náà jókòó sí ìlà kẹta lápá òsì, nínú aṣọ rẹ̀ tó dára jù.

Ìyá mi ń ṣe láfún nílé wa ní Ìjẹ̀mọ̀. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kì í wà láìsí agbada ńlá tó fi ń rẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi. Lọ́dún tó ṣáájú, ewúrẹ́ aládùúgbò kan kó ẹnu bọ omi yẹn, ó mu ún yó, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé májèlé wà nínú omi ẹ̀gẹ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, ní aago kan ọ̀sán, tí oòrùn là kedere, mo bu omi náà kún kẹ́ẹ̀gì kékeré kan, mo fi ìborùn bò ó, mo gba abẹ́ lẹ́tà pupa yẹn kọjá, mo ṣí ìkòkò Rakíyà. Mo dà á tán. Mo gbọn kẹ́ẹ̀gì náà kó má bàa ṣẹ́ ku ẹ̀kán kan. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí ìkòkò yẹn kú bíi tèmi, kí àwa méjèèjì dọ́gba.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Rakíyà kígbe, mo sáré dé ibẹ̀ pẹ̀lú "pẹ̀lẹ́" lẹ́nu. Mo bá omi tó ń dán bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

"Àǹtí, ẹ bá mi gbóòórùn rẹ̀ wò," ó ní. "Imú yín ju tèmi lọ."

Mo tẹ̀ba. Ẹ̀yìnkùlé ìyá mi ló wà nínú ìkòkò yẹn. Omi tó pa ewúrẹ́ ti di oúnjẹ fún àwọn kòkòrò inú rẹ̀. Mo ní, "Òórùn aró ni."

"Ẹ gbọ́," ni Màmá Ṣótúbọ̀ wí, ó dojú kọ gbogbo ilé. "Ẹ mọ òfin. Gbogbo yín lẹ rántí Àgọ́ Ìrókò, níbi tí wọ́n ti ń fi ìkòkò tí ẹnikẹ́ni ò mọ orísun rẹ̀ tan iná, tó bú, tó sì pa èèyàn mẹ́sàn-án. Ìmọ̀ tí kò lọ́nà, a kì í fi tan iná fún ìlú. Bí orísun Ìkòkò Kẹtàdínlógún ò bá pé kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n á tú u dànù lónìí. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ìkòkò ẹlòmíràn láìgbàṣẹ, kọ́kọ́rọ́ ilé aró rẹ̀ lọ fún ọdún méje, òun náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ta ló lọ sídìí ìkòkò yẹn?"

Kọ́kọ́rọ́ tèmi wà lọ́rùn mi, lábẹ́ bùbá. Ọdún mọ́kànlá kò tíì kúrò níbẹ̀, bí mo bá wẹ̀ mo máa ń wẹ̀ mọ́ ọn.

Ṣẹ̀san tẹ̀ sétí mi. "Àǹtí, bí wọ́n bá tú tirẹ̀ dànù, ìkòkò onígíláàsì yín ni wọ́n máa padà sí. Ẹ̀yin ni Olórí Ilé Aró kí iṣu tuntun tó jáde. Mo ti ń kí yín kú oríire."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ṣàwàdà, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Ó tiẹ̀ ku èyí tí kò mọ̀. Nílé ìdáná mi, lẹ́yìn àpò gààrí, àgé kékeré kan wà tí mo po aró sí, tí mo bu omi ẹ̀gẹ́ lé. Ọyẹ́ mú un, kò kú. Bí mo bá dákẹ́ lónìí, tí Rakíyà padà sílé, tí mo ní sùúrù ọdún méjì péré, èmi ni màá jáde síwájú Akọ̀wé. Màá sọ pé mo ronú kàn án. Ìyàwó tó bá bímọ nígbà yẹn á mọ orúkọ tó máa sọ ọ́.

"Kò sẹ́nì kankan?" ni Màmá Ṣótúbọ̀ bi wá.

Ó yíjú sí ọmọbìnrin náà.

"Rakíyà, ṣé kì í ṣe ìwọ fúnra rẹ lo fi nǹkan sí i tó o gbàgbé? Ẹnu rẹ ni a ó gbà gbọ́."

Mo mọ ohun tí ìyá náà ń ṣe. Ilẹ̀kùn ló ṣí fún un. Mo sì mọ ohun tí èmi ì bá ṣe sí ilẹ̀kùn yẹn.

"Rárá, Màmá," ni Rakíyà wí. "Bí mo bá purọ́ rẹ̀, ìlú mìíràn á tún ri ìkòkò mọ́lẹ̀, á tún kú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u. Mo kàn ń bẹ yín pé kí wọ́n kọ́kọ́ ránṣẹ́ sílé àwọn ọmọ yẹn, kí àwọn nọ́ọ̀sì tètè wá aṣọ òtútù."

Orí mi gbóná. Ẹ wo ìwà! Ó gbọ́n jù mí, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ó tún wá dára jù mí lọ. Kí ló wá ṣẹ́ kù fún èèyàn? Mo wo àwọn gílóòbù mẹ́rin yẹn. Mo gbìyànjú láti má ronú nípa aṣọ òtútù.

Bóyá ǹ bá dákẹ́ títí oòrùn fi wọ̀. Mi ò mọ̀. Mo fẹ́ sọ fún yín pé àwọn ọmọ yẹn ló gbé mi dìde, torí ìyẹn ló yẹ ọmọlúàbí. Wọ́n wà níbẹ̀, mo ń rí wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé mi dìde gan-an ni Ṣẹ̀san.

Kò lè gbọ́ kí ilé pa rọ́rọ́ kó má sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i. Ó na ọwọ́ sókè. "Màmá, ẹ má bínú. Ṣé kì í ṣe alángbá ló jábọ́ sínú ẹ̀? Alángbá pọ̀ nílé aró."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá Ṣakí kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní, "Ó lè rí bẹ́ẹ̀ o. Ara alángbá le. Mo ti rí i tí alángbá ṣe ju ìyẹn lọ."

"Alángbá ò lè gbé ọwọ́ lé bàbà," ni Akọ̀wé wí.

"Kí wọ́n sáà kọ ọ́ pé alángbá ni," ni obìnrin kan wí lẹ́yìn mi, "kí iná wa má bàa kú."

"Bẹ́ẹ̀ ni! Alángbá!" Wọ́n ti ń pariwo rẹ̀. Ẹ̀rín àti ìrètí ti dà pọ̀ lójú wọn, Màmá Ṣótúbọ̀ pàápàá ti gbé ọwọ́ lé àgbọ̀n, ó ń rò ó. Wọ́n fẹ́ gbé e fún alángbá! Ọdún mọ́kànlá tí mo fi ń fọ ọwọ́, tí mo fi ń sùn nílé aró, ohun kan ṣoṣo tí mo ṣe tó yè, wọ́n fẹ́ kọ orúkọ alángbá sí i. Àwọn ọmọ iléèwé á máa kà á sórí. Wọ́n á ya àwòrán rẹ̀.

"Kì í ṣe alángbá!" mo ní.

Mo ti wà lórí ìdúró kí n tó mọ̀. Ṣẹ̀san ya ẹnu sílẹ̀. Mo gba àárín àwọn èèyàn kọjá, mo gbé ọwọ́ lé bàbà náà, bàbà náà ṣì tutù.

"Kí lo fún Rakíyà Sálísù?" ni Akọ̀wé bi mí, bí ẹni pé a ò tíì ríra wa rí láàárọ̀ yẹn.

"Omi ẹ̀gẹ́. Omi tí ìyá mi fi rẹ ẹ̀gẹ́ láfún. Kẹ́ẹ̀gì kan."

Gbogbo ilé mí sókè. Mi ò wo Rakíyà.

"Ta ló fún ìwọ náà?"

"Ìyá mi." Mo rò ó, òfin ni pé kí èèyàn sọ gbogbo rẹ̀. "Àti ewúrẹ́ kan. Ó mu omi náà, ó kú. Òun ló kọ́ mi pé omi yẹn ń pa nǹkan."

Wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín ewúrẹ́, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn sì gbá ẹ̀rín náà mú lọ́nà ọ̀fun wọn.

"Báwo lo ṣe fún un?"

"Lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tó lọ kírun. Mo ṣí ìkòkò rẹ̀. Mo dà á sí i. Mi ò gbàṣẹ."

"Pẹ̀lú ọkàn wo?"

Mo gbọ́ ohùn ara mi, ó le, kò yí. "Pẹ̀lú ìlara. Mo fẹ́ kí ìkòkò rẹ̀ kú. Ó ń dùn mí pé tirẹ̀ yè. Títí di báyìí ó ṣì ń dùn mí. Kí ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Akọ̀wé kọ ọ́. A gbọ́ bó ṣe ń kọ ọ́, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí eku inú àjà. Lẹ́yìn náà ó ka àkọsílẹ̀ náà jáde látòkè délẹ̀, bí òfin ṣe wí, pẹ̀lú ohùn kan náà tó fi ń ka gbogbo nǹkan: "Ìkòkò Kẹtàdínlógún. Ẹ̀lú. Omi eérú. Kòtò ilẹ̀, láti Kánò. Omi ẹ̀gẹ́, láti Ìjẹ̀mọ̀. Ìlara, láti ọwọ́ Ìbíyẹmí Odùńlámì. Orísun pé."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Màmá Ṣótúbọ̀ na ọwọ́ sí mi. Mo bọ́ kọ́kọ́rọ́ náà lọ́rùn, okùn rẹ̀ há mọ́ yẹtí mi, mo ní láti fà á. Mo gbé e lé e lọ́wọ́. Ọrùn mi fúyẹ́, ara mi sì bù màṣọ̀ bí ẹni tó jáde síta láìwọ aṣọ.

"Ọdún méje," ó ní.

"Ẹ ṣeun, Màmá."

Ìta ni Rakíyà ti bá mi, lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Oòrùn ò tíì wọ̀. Mo dúró kó lè gbá mi létí, tàbí kó sunkún, tàbí kó dúpẹ́, èyí tí ì bá burú jù. Ìwé kékeré ló yọ lápò, pẹ̀lú pẹ́ńsù.

"Àǹtí, ọjọ́ mélòó ni ẹ̀gẹ́ yẹn ti wà nínú omi kí ẹ tó bù ú?"

Mo wò ó. "Ṣé ohun tó o fẹ́ bi mí nìyẹn?"

"Màá bínú sí yín," ó ní. Omi dúró sójú rẹ̀. "Wallahi, màá bínú sí yín gan-an. Ṣùgbọ́n ìlú mẹ́fà ń dúró. Ọjọ́ mélòó?"

"Mẹ́rin. Bó bá jẹ́ mẹ́ta, kò tíì kan dáadáa. Bó bá di márùn-ún, ó ti ń rà."

Ó kọ ọ́. Ó fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀. "Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹ̀gẹ́. Nílé wa a kì í ṣe é. Ta ló máa kọ́ mi? Wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ yín."

"Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń rẹ ẹ̀gẹ́," mo ní. "Kò gba kọ́kọ́rọ́. Wá sílé ìyá mi ní Ìjẹ̀mọ̀ lọ́la, láàárọ̀, kí oòrùn tó mú. Wọ aṣọ tí o ò fẹ́ràn."

Ó mi orí, ó pa ìwé dé, ó lọ sọ́nà ilé aró, níbi tí mi ò lè bá a dé mọ́. Mo dúró tí mo ń wò ó. Ìyá mi á fẹ́ràn rẹ̀, mo ti mọ̀. Á fún un ní àpótí tó jókòó dáadáa, á máa pè é ní ọmọ mi, á sì máa yìn ín pé ọwọ́ rẹ̀ yá lára ẹ̀gẹ́. Ìyẹn náà á tún dùn mí.